Ìrìn Ẹsẹ̀ àti Iṣẹ́ Àtinúdá: Ìdáhùn fún Òǹkọ̀wé Tó Ń Jókòó Pẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ìtàn àròsọ ni mo ń kọ, ó sì di alẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé kí n tó ráyè kọ ọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Oorun mi kò já geere mọ́, mo sì lè jókòó ti ojú ewé kan títí ilẹ̀ á fi ṣú gan-an láìrí gbólóhùn kan kọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa ṣe eré ìdárayá, pé á ṣí mi lọ́pọlọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rí, mo sì dá a dúró, torí ó ń jẹ wákàtí tí mo fi ń kọ̀wé. Ṣé òótọ́ ni pé eré ìdárayá ń ran iṣẹ́ àtinúdá lọ́wọ́? Tó bá jẹ́ òótọ́, irú èwo ni, kí sì ni ìwọ̀n rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Òótọ́ ni, ó ń ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kì í ṣe lọ́nà tí ọ̀rẹ́ yín gbé e kalẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ló sì máa jẹ́ kí ẹ lè tẹra mọ́ ọn lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé bí àwọn bá ti sáré díẹ̀, ìmísí á já bọ́. Wọ́n á rìn lọ́jọ́ mélòó kan, ìmísí kò ní bọ́, wọ́n á sì pa á tì. Ohun tí mo rí lára àwọn òǹkọ̀wé, ayàwòrán àti olórin tí mo ń kọ́ ní eré ìdárayá ni pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń ṣe fún ẹni tó ń fi orí ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láàárín wákàtí tí ẹ fi ń rìn gan-an. Èkejì ń kó jọ láti oṣù dé oṣù, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Èkejì yìí ló tóbi jù lójú tèmi, òun sì ni àwọn ènìyàn kì í dúró dè.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ojú ẹsẹ̀ ná. Lọ́dún 2014, Marily Oppezzo àti Daniel Schwartz ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde àdánwò mẹ́rin jáde. Wọ́n mú nǹkan tí gbogbo ayé mọ̀, irú bíi bọ́tìnnì, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn máa dárúkọ oríṣiríṣi ohun mìíràn tí wọ́n lè fi ṣe. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n jókòó wé ohun tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń rìn. Ní ìpíndọ́gba, èrò tó tuntun tó sì bọ́gbọ́n mu tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ń rìn fi nǹkan bí 60% pọ̀ ju ti ìjókòó lọ.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ yẹn ni ti ògiri. Àwọn kan lára wọn kò rìn níta rárá. Orí ẹ̀rọ tí ènìyàn ń rìn lójú kan ni wọ́n wà, wọ́n kọjú sí ògiri tí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀, síbẹ̀ èrò wọn pọ̀ sí i. Nínú àdánwò tó kẹ́yìn, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti àwọn mìíràn kiri ìta, kí wọ́n lè máa rí ohun tí ẹni tó ń rìn ń rí láìgbé ẹsẹ̀. Àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn níta ni èrò wọn dára jù. Èyí já sí pé kì í ṣe ewéko àti atẹ́gùn nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dára. Gbígbé ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Àǹfààní náà kì í sì í tán bí a bá ti jókòó: àwọn tó rìn kí wọ́n tó jókòó ṣì ṣe dáadáa ju àwọn tó jókòó látìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ di èyí mú, torí orí rẹ̀ ni màá gbé ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ fún yín lé.

Ṣùgbọ́n apá kan tún wà nínú ìwádìí náà tí àwọn tó ń pariwo rẹ̀ kì í sọ. Wọ́n tún dán irú ìrònú mìíràn wò. Wọ́n fún ènìyàn ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó sì ní láti wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Níbi èyí, àwọn tó ń rìn rẹ̀yìn díẹ̀ sí àwọn tó jókòó. Ìrìn ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ èrò, kì í bá ni yan ọ̀kan tó péye láàárín wọn.

Nínú iṣẹ́ tiyín, èyí ṣe pàtàkì gan-an. Bí ẹ bá ń wá ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá-ìtàn yín lẹ́yìn tó kúrò nílé, bí ẹ bá ń wá orúkọ, tàbí ọ̀nà tí ìjà á gbà parí, tàbí ibi tí ìtàn á ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dìde kí ẹ rìn. Bó bá jẹ́ pé gbólóhùn ni ẹ ń gé kúrú, tàbí ẹ ń ṣírò ọjọ́ orí àwọn ènìyàn inú ìtàn kí wọ́n má baà takora, tàbí ẹ ń yan ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì, ẹ jókòó tì í. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sọ fún mi pé ìrìn kò wúlò fún àwọn, iṣẹ́ àtúnṣe ni wọ́n ń gbé lọ rìn.

Kí ló dé tí ó fi ń rí bẹ́ẹ̀? Ìrìn jẹ́ ohun tí ara ti mọ̀ dunjú. Ó gba díẹ̀ nínú àfiyèsí wa, ó fi ìyókù sílẹ̀ kó máa kiri. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé apá ọpọlọ tó wà níwájú orí, èyí tó ń ṣọ́ wa tó sì ń sọ pé "èyí ò dáa, pa á rẹ́", máa ń dẹwọ́ díẹ̀ nígbà tí ara bá ń ṣiṣẹ́. Inú wa náà máa ń dùn sí i lẹ́yìn eré ìdárayá, ẹni tí inú rẹ̀ dùn kì í sì í tètè bẹ̀rù èrò tó bá ṣàjèjì. Àmọ́ kì í ṣe inú dídùn nìkan. Lọ́dún 1997, Hannah Steinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi eré ìdárayá wé wíwo fídíò lásán. Wọ́n rí i pé eré ìdárayá mú inú àwọn ènìyàn dùn sí i, ó sì mú kí èrò wọn pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò so mọ́ ara wọn. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn lẹ́yìn eré náà ṣì lè jèrè lọ́dọ̀ ọpọlọ. Mo fẹ́ràn àbájáde yìí nítorí àwọn ọjọ́ tí ìrìn kò dùn mọ́ yín nínú rárá. Ẹ má kà á sí ọjọ́ òfo.

Kò sì sí ohun tuntun níbẹ̀ fún àwọn tó ti fi orí ṣe iṣẹ́ ńlá. Charles Darwin ní ọ̀nà kékeré oníyanrìn kan lẹ́bàá ilé rẹ̀, Down House, tó máa ń rìn yí po lójoojúmọ́ láti fi ronú. Beethoven máa ń rìn jìnnà lọ́sàn-án, pẹ̀lú pẹ́ńsù àti bébà lápò, kí orin tó bá wá má baà sọnù. Ti Alan Turing ló wù mí jù. Onímọ̀ ìṣirò ni, ó sì jẹ́ eléré ìje tó fi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 46 sáré máráthọ́ọ̀nù lọ́dún 1947. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1935, bí òun ṣe dùbúlẹ̀ sórí koríko ní Grantchester lẹ́yìn tí òun sáré, ni èrò ẹ̀rọ tó di ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà wá sí òun lọ́kàn. Ẹ kíyè sí i pé ìgbà tó sinmi ni èrò náà dé. Ó ti ń gbé ìbéèrè náà kiri tẹ́lẹ̀. Eré sísá kò bá a kọ́ ìṣirò.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe: wọ́n jáde lọ rìn láìgbé ìbéèrè kankan dání. Kí ẹ tó jáde, ẹ ka ojú ewé tí ẹ kọ kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo níbẹ̀, kí ó kúrú, kí ó sì ṣe pàtó: "Kí ló ń ba ìyá rẹ̀ lẹ́rù tí kò fi lè sọ òtítọ́?" Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, lẹ́yìn náà kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má máa fi ipá ronú lé e lórí. Ẹ gbé ìwé pélébé kan àti pẹ́ńsù dání. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó bá lè mú un kúrò lápò láìwo ohun mìíràn. Mo lòdì sí kíkó orin tàbí ètò rédíò sí etí nígbà irú ìrìn yìí. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tiyín rí àyè wọlé. Nígbà tí ẹ bá ń sáré tàbí gbé irin, ẹ gbọ́ orin tó bá wù yín.

Ó wá kan iṣẹ́ kejì, èyí tó ń pẹ́ kó tó hàn.

Nínú ìwọ̀n ara ènìyàn, ọpọlọ kò ju nǹkan bí 2% lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń sinmi, òun ló ń ná nǹkan bí 20% nínú agbára tí ara ń lò. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé agbára náà lọ bá a. Ohun tó bá sọ ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ di alágbára, ọpọlọ náà ń jẹ níbẹ̀. Eré ìdárayá tún ń mú kí ara pèsè èròjà kan tí wọ́n ń pè ní BDNF, tó ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lọ́wọ́ láti dàgbà àti láti so mọ́ ara wọn. Lọ́dún 2011, Kirk Erickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà 120. Fún ọdún kan, àwọn kan ń rìn kánkán fún 40 ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn yòókù sì kàn ń na ara. Apá ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus fi nǹkan bí 2% tóbi sí i lára àwọn tó ń rìn. Lára àwọn tó ń na ara nìkan, ṣe ló súnkì, bó ti máa ń súnkì bí a bá ti ń dàgbà. Àgbàlagbà ni wọ́n, torí náà n kò ní sọ pé bó ṣe rí lára wọn gẹ́lẹ́ ni yóò rí lára ọ̀dọ́.

Gbogbo ènìyàn ló mọ hippocampus mọ́ ìrántí. Ohun tí òǹkọ̀wé ní láti mọ̀ ni pé ó tún ní iṣẹ́ mìíràn. Lọ́dún 2007, Demis Hassabis, Eleanor Maguire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn tí apá yìí ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ wọn fojú inú wo ibì kan tí wọn kò dé rí, kí wọ́n sì ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó nira fún wọn gan-an. Ohun tí wọ́n sọ já kélekèle, kò so pọ̀ mọ́ra bí ohun tí ojú rí. Ibi kan náà tí a ń kó àná pa mọ́ sí la fi ń kọ́ ilé tí kò sí rí. Mi ò mọ ìdí mìíràn tó lágbára jù èyí lọ tí ẹni tó ń kọ ìtàn àròsọ fi yẹ kó tọ́jú ara rẹ̀.

Àwọn àǹfààní tó kù kò ṣàjèjì sí yín: oorun tó jinlẹ̀ sí i, àníyàn tó dínkù, ìrẹ̀wẹ̀sì tí kì í tètè borí ènìyàn. Mo dárúkọ wọn nítorí pé nínú lẹ́tà yín, oorun àti ẹ̀yìn ni ẹ kọ́kọ́ sọ kí ẹ tó sọ ti gbólóhùn tí kò wá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń dí gbólóhùn náà lọ́wọ́. Ẹni tí kò sùn dáadáa kì í lè di ìtàn gígùn mú lọ́kàn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn á máa dìde nílẹ̀ ìtàn ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀.

Haruki Murakami, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Japan, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ́dún 1982, kò pẹ́ sí ìgbà tó fi òwò rẹ̀ sílẹ̀ láti gbájú mọ́ ìwé kíkọ. Ó ti sọ pé nígbà tí òun bá ń kọ ìwé ìtàn, aago mẹ́rin àárọ̀ ni òun ń jí, òun á kọ̀wé fún wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, lọ́sàn-án òun á sáré kìlómítà 10 tàbí kí òun lúwẹ̀ẹ́ mítà 1,500, aago mẹ́sàn-án alẹ́ òun á ti sùn. Lójú tirẹ̀, ìwé gígùn ń béèrè agbára ara bó ṣe ń béèrè ẹ̀bùn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Àmọ́ ẹ má gbìyànjú láti wọ bàtà rẹ̀. Kì í ti ibi iṣẹ́ mìíràn dé kó tó kọ̀wé, ẹ̀yin ń ti ibẹ̀ dé.

Ẹ ní eré ìdárayá ń jẹ wákàtí ìwé kíkọ. Ẹ wo ohun tí ẹ tún kọ sínú lẹ́tà kan náà: pé ẹ máa ń jókòó ti ojú ewé títí ilẹ̀ fi ń ṣú gan-an láìrí nǹkan kọ. Wákàtí yẹn ni ẹ máa mú. Kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń kọ̀wé, èyí tí ẹ fi ń wo bébà ni. Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ má ṣe lọ tààrà sídìí tábìlì. Ẹ ka ojú ewé tàná, ẹ mú ìbéèrè yín, kí ẹ rìn fún 20 tàbí 25 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó wá jókòó. Àǹfààní ìrìn á ṣì wà lára yín bí ẹ ṣe ń jókòó. Ìrìn náà á tún gé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ kúrò lórí yín, torí èmi ò rò pé ìmísí ló wọ́n yín lálẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ẹlẹgbẹ́ yín ló ṣì kún ibẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ lọ́dún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe 150 sí 300 ìṣẹ́jú eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, tàbí 75 sí 150 ìṣẹ́jú èyí tó le, kí ó sì ṣiṣẹ́ fún iṣan ara ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Èyí tó mọ níwọ̀n ni èyí tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Bí ẹ bá ń fi 25 ìṣẹ́jú rìn kánkán lọ́jọ́ mẹ́fà, ẹ ti pé 150. Ẹ má fojú fo ti iṣan. Ìrìn nìkan kò tó fún ẹ̀yìn tó ti ń dùn láti ọjọ́ pípẹ́. Dídìde láti orí àga àti jíjókòó padà láìfi ọwọ́ ti nǹkan, títi ara kúrò lára ògiri, gbígbé ìbàdí sókè nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀ tí ẹ sì ká eékún: ẹ lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú yàrá láìra ohunkóhun. Nídìí tábìlì, ẹ máa dìde ní bíi ààbọ̀ wákàtí sí ara wọn, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré. Bí ìrora ẹ̀yìn náà bá ń sọ̀kalẹ̀ wọ ẹsẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ ń kú, tàbí àyà ń dùn yín nígbà tí ẹ bá ń rìn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ìrìn ṣòro fún lè lúwẹ̀ẹ́, gun kẹ̀kẹ́, tàbí fi apá ṣe eré rẹ̀ lórí ìjókòó.

Àṣejù wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Mo máa ń rí àwọn tó fi ìtara bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sáré títí wọ́n fi ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, tí wọ́n wá jókòó láti kọ̀wé tí ojú wọn ń pa dé. Agbára ti tán. Ẹ fi eré tó le sí ọjọ́ tí ẹ kì í kọ̀wé, tàbí lẹ́yìn tí ẹ ti kọ̀wé tán, kó má sì jẹ́ wákàtí tó kángun sí oorun, torí ó lè má jẹ́ kí ẹ tètè sùn.

Ó ku ti ìdádúró. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọpa bí nǹkan ṣe ń di bárakú fún ènìyàn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2010. Ó gbà tó ọjọ́ 66 ní ìpíndọ́gba, àmọ́ ìyàtọ̀ ńlá wà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì, láti 18 dé 254. Fífo ọjọ́ kan kò ba nǹkan jẹ́. Torí náà, bí ó bá ti tó oṣù kan tí ó ṣì ń nira, ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì dé àárín ọ̀nà, kò túmọ̀ sí pé kò bá yín mu. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ so ìrìn mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bíi bíbọ́ aṣọ iṣẹ́: bí aṣọ iṣẹ́ bá ti kúrò lára, bàtà ìrìn ló kàn. Ẹ má dúró dìgbà tó bá wù yín. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ìwọ̀n rẹ̀ kéré débi pé ojú á fẹ́ máa tì yín láti fò ó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó.

Nígbà tí gbèdéke ìwé bá wá súnmọ́, ìgbà yẹn ni yóò wù yín jù láti pa gbogbo rẹ̀ tì. Ẹ dín in kù ni, ẹ má pa á tì. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ fún ìrìn, kí ẹ gbé eré tó le àti ti iṣan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ẹ ó fi fi ìwé náà ránṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e, ẹ padà sí ìwọ̀n tẹ́lẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti san gbèsè àwọn ọjọ́ tí ẹ kò ṣe nígbà kan náà, torí irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi ti ń fara pa.